Bí Lìádì Ṣe Fi Àwòrán Ọkọ̀ Ogun Wá Ìyàwó ní Jídà

Ọjọ́ tí Fawziyyah kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, òòrùn Jídà mú débi pé ológbò tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò ti fẹ́ bọ́ awọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Lìádì ń gé gíláàsì lọ́wọ́. Láti Jídà títí dé òdìkejì òkun, kò sẹ́ni tó mọ gíláàsì gé tó o. Tó bá ti fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i lójú, gíláàsì fúnra ẹ̀ á yà sí méjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á tún kí i pé ó ṣeun.

Ṣọ́ọ̀bù Bandar ni, ní Balad, láàárín àwọn ilé àtijọ́. Férémù àwòrán ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bandar, tó jẹ́ ọmọ Jídà gangan, ti lọ kírun Àyìlá. Tó bá kírun tán á lọ jẹun, tó bá jẹun tán á lọ sùn. Lìádì nìkan ló wà níbẹ̀, ó fi fóònù há èjìká, ó ń bá ìyá ẹ̀ tó wà ní Ẹdẹ sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ń wí. "Ọ̀gá mi ò lè mí láìbi mí. Àná yìí náà, olówó mẹ́ta ló ń jà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ta ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn."

"Irọ́ ni," ẹnì kan sọ lẹ́yìn ẹ̀, ní Yorùbá.

Lìádì yíjú padà. Ọmọbìnrin kan dúró síbẹ̀ nínú àbáyà dúdú, ó gbé báàgì pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹ̀rín ti kún ojú ẹ̀. Ojú yẹn dán débi pé gbogbo dígí inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wá a kiri.

"Ìyá mi, oníbàárà dé," Lìádì sọ, ó sì pa fóònù. "Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?"

"Bàbá mi. Ọmọ Ìwó ni wọ́n. Èmi, Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí, ní Utaybiyah. Fawziyyah lorúkọ mi."

Yorùbá ẹnu ẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó Ìwó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, torí pé bàbá ẹ̀ ti kúrò nílé láti ogójì ọdún, èdè tó gbé wá nígbà náà ló fi kọ́ ọmọ.

Ó tú báàgì náà sórí tábìlì. Àwòrán kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tó ti pọ́n díẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun ń bá ìyáàfin kan ṣiṣẹ́ ní Jídà, Awatif, opó tó fẹ́ràn àwòrán ọkọ̀ ojú omi, tó lọ ra mẹ́rin tó so mọ́ra ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òun Fawziyyah ló máa ń kọ ohun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Awatif ò gbà kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní tí mọ́tò bá gbiná, kó jẹ́ pé ìkan péré ló máa jó. Nítorí náà, ìkan lọ́sẹ̀ ni wọ́n á máa gbé wá.

Nínú àwòrán yẹn, ọkùnrin sísanra méjì kúnlẹ̀ síbi ọpọ́n omi kan. Ìkan sán àsíá Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ikùn. Ìkejì dé àkẹtẹ̀ irin tó ní ṣóńṣó, irun ètè ẹ̀ ká sókè bí ìwo àgbò. Kálukú ń ti ọkọ̀ kékeré sójú omi, ó ń yọjú wo ti ẹnì kejì.

"Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́," Fawziyyah sọ. "Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń bára wọn du ẹni tí ọkọ̀ ogun ẹ̀ máa pọ̀ jù lójú òkun. Ẹni tó yà á ń fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Kí lo ń sọ fún mi?" Lìádì ní. "Mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó rán ṣòkòtò fún eléyìí, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ẹn-ẹ́n. Kí ni wọ́n wá kọ sísàlẹ̀ yìí?"

Lìádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bíi dókítà. Ilé ìwé àti òun ti pínyà tipẹ́, ní kíláàsì kejì, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ ẹnì kejì sílẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà torí gíláàsì, ó mọ súrà bíi mẹ́wàá lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ò dá a mọ̀, òun náà ò dá lẹ́tà mọ̀.

"Wọ́n ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi.'"

Fawziyyah wo ìsàlẹ̀ àwòrán, ó wo Lìádì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọmọdé méjì ń ṣeré, ìyá wọn ò sí nílé. Kò sọ fún un.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ó sọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ Lìádì ò ní irọ́ nínú ní tiẹ̀. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan etí bébà yẹn. Kò lo gọ́ọ̀mù. Ìyẹ̀fun ló rò lórí iná bí ẹ̀kọ títí ó fi yọ̀, ó sẹ́ ẹ, ó fi lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán lókè nìkan, kí ìyókù lè máa mí. Ó fi páálí gbé gíláàsì kúrò lójú àwòrán, kí wọ́n má bàa fara kanra. Fawziyyah jókòó, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ń dúró dè é, àmọ́ kò lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé àwòrán kejì wá. Ọkọ̀ ti di alájà mẹ́rin. Ìyàwó àwọn ọkùnrin méjèèjì ń kó ìkòkò ilé fún alágbẹ̀dẹ kó lè yọ́ ọ fi ṣe ìbọn, àwọn ọmọ wọn ń lá àwo òfìfo. Lìádì ní obìnrin apá òsì yẹn jọ àǹtí òun kan ní Ẹdẹ tó fi etí kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú mẹ́fà. Fawziyyah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ọkọ̀ náà ti tóbi ju òkun lọ. Kò sáyè fún omi mọ́. Àwọn ẹja ti di ẹrù, wọ́n gbé e lórí, wọ́n ń fi ìrù rìn lọ sókè odò, ìyá ẹja fa ọmọ lọ́wọ́.

Lìádì gbé férémù sílẹ̀.

"Fawziyyah, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Ṣé èyí náà wà lára irọ́ yín?"

"Òun nìkan ni ò sí lára ẹ̀."

Fawziyyah fi ìka tẹ orí tábìlì níbi tí kò sí eruku kankan.

"Mo ti ń gba ọ̀nà yìí kọjá láìní iṣẹ́ kankan ní Balad," ó sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń wò yín látòdìkejì títì."

"Èmi náà rí ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹta, adúmáradán mi."

Orí Lìádì wú tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn ó gé gíláàsì mọ́kàndínlógún, àtèyí tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí Fawziyyah tó lọ, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé ẹ ní ìkámà?"

Ìkámà ni ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè kó máa gbélùú. Lìádì ò ní. Ó wá ṣe ùmúrà, hájì kékeré, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, fíìsà oṣù kan, oṣù náà sì parí bí gbogbo oṣù ṣe ń parí. Látìgbà náà, tó bá rí mọ́tò ọlọ́pàá níwájú, òun náà á rántí pé òun gbàgbé nǹkan lẹ́yìn.

"Ìkámà?" ó dáhùn. "Méjì ni mo ní."

"Kò sẹ́ni tó ń ní méjì."

"Ìkan wà fún iṣẹ́, ìkan wà fún òde."

Fawziyyah ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Wallahi, Lìádì, bàbá mi ò ṣe é bá ṣeré lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Mo ní in," ó sọ.

Àwòrán kẹrin ló parí gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì há mọ́ra bí eyín, omi ti gbẹ tán lábẹ́ wọn. Àwọn ọkùnrin méjì náà jókòó sókè téńté láìsí àtẹ̀gùn tí wọ́n lè fi sọ̀ kalẹ̀, pátá nìkan ló wà nídìí wọn.

Nígbà tí Lìádì ṣe férémù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, Awatif ní kó wá fi wọ́n kọ́ ògiri ilé òun, àlejò ń bọ̀ ní ìyálẹ̀ta. Fawziyyah ṣàlàyé fún un lórí fóònù pé kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ò lè ṣì í. Lìádì ní kí ló dé tó ń yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, òun tí òun ti kà á sórí.

Ó mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lóòótọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àkọ́kọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń lọ sí òsì. Ní Jídà, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀: ìwé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, títí dórí páálí wàrà. Kò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì, láti òsì ló ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ka ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo láyé ẹ̀ ò ní ṣe irú ẹ̀.

Àlejò dé. Ìwé tí Fawziyyah tẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, láti òsì ló ti to àwọn àwòrán síbẹ̀. Àlejò òyìnbó kan dúró síbi àwòrán apá òsì, ó ka nínú ìwé pé ọmọdé méjì ń ṣeré nínú ọpọ́n, ó gbójú sókè, ó rí àgbàlagbà méjì tó wọ pátá lórí ọkọ̀ tó há. Ó wo ìwé, ó wo ògiri. Ó rìn lọ, ó ń rí i tí ọkọ̀ ń kéré sí i, tí ẹja ń padà sómi, títí àwọn ọ̀tá méjèèjì fi jókòó ti ọpọ́n kan. Ó yíjú sí Awatif, ó ní òun ò tíì rí àwọn ìjọba tó gbọ́n báyìí rí.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Awatif náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi ojú wá Fawziyyah.

"Kí wọ́n ti tún un ṣe kó tó di Láásárì," ó sọ fún un ní Lárúbáwá, jẹ́jẹ́.

Fawziyyah rí Lìádì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ò lè kàwé," ó sọ.

Látìgbà tí wọ́n ti mọra, kò tíì pè é ní "o" rí.

"Ojú mi ló..."

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. 'Má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi.'" Ó mi orí. "Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń dùn mí. Ìyá mi náà ò mọ̀ ọ́n kà, kò sẹ́ni tó gbọ́n tó wọn. Mo fún ẹ láyè kó o sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ojú ti Lìádì débi pé ó fẹ́ wọ inú ògiri, kó fi férémù bo ara ẹ̀.

"Bàbá mi ní kó o wá kí àwọn lọ́jọ́ Jímọ̀," Fawziyyah sọ. "Abdulmutalib náà máa wà níbẹ̀. Wọ́n bí i sí Mẹ́kà bíi tèmi, ó ní ìwé, ó sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa mi. Lìádì, ọkùnrin tó bá parọ́ kan péré níwájú bàbá mi, mi ò lè gbà á sílẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ní gbìyànjú ẹ̀."

Lìádì tún àwòrán tò. Ó búra fúnra ẹ̀ pé òótọ́ lòun máa sọ. Àmọ́ ó ku bí ó ṣe máa dé Mẹ́kà, torí ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì máa ń béèrè ìwé. Adam, ọmọ Sùdáànù tó ń fi mọ́tò ẹ̀ gbéèrò, ló dá a lọ́gbọ́n.

"Wọ hárámì," Adam sọ. "Aṣọ funfun méjì, kó o máa ké Labaika. Wọ́n á rò pé ùmúrà lò ń lọ."

Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ Lìádì. Ó so ìkan mọ́ ìdí, ó fi ìkejì kọ́ èjìká. Ó wá rántí pé ìyàwó lòun ń lọ wá, ó sì da lọ́fíńdà Bandar, ùdù olóòórùn líle, sára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí mọ́tò Adam ń kọjá, àwọn ẹyẹlé ń sín lókè. Ọlọ́pàá wo aṣọ funfun, ó gbọ́ Labaika, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ilé Àlàájì Àbùbákàr wà lórí òkè ní Utaybiyah. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ gùn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ́mọdé, irùngbọ̀n á ti hù kó tó kan ilẹ̀kùn. Àlàájì jókòó sórí tìmùtìmù, ọkùnrin tín-ínrín kan tó ti ta jálàbíà fún arìnrìn-àjò láti ogójì ọdún. Abdulmutalib jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún wọn, pẹ̀lú páálí dàbínù tó gbé wá. Aṣọ títa ni wọ́n fi dá pálọ̀ sí méjì, Fawziyyah àti ìyá ẹ̀, Àlàájà Àbẹ̀bí, wà lẹ́yìn ẹ̀.

Àlàájì wo hárámì yẹn. "Ẹ máa bára yín sọ̀rọ̀," ó sọ. "Mo fẹ́ mọ̀ yín."

"Bọ́ọ̀sì tí mò ń wà ní Jarwal, àga àádọ́ta ló ní," Abdulmutalib bẹ̀rẹ̀.

Lìádì ti múra àtisọ òótọ́. Ẹnu ẹ̀ ló ṣáájú ẹ̀.

"Àádọ́ta," ó ní. "Pálọ̀ wa nílé ní Ẹdẹ, ọgọ́rùn-ún èèyàn máa ń jókòó síbẹ̀, kò ní fún wọn."

"Ọ̀gá mi fẹ́ fa bọ́ọ̀sì kejì lé mi lọ́wọ́."

"Ọ̀gá tèmi fẹ́ kọ ṣọ́ọ̀bù sí mi lórúkọ. Àti ilé tó wà lókè ẹ̀."

"Mo lè dijú kí n wa mọ́tò yí gbogbo Mẹ́kà ká."

"Èmi ti dijú gé gíláàsì rí. Ó rí roboto ju òṣùpá lọ. Òṣùpá wá wò ó."

"Níbi tí mo bá gbé bọ́ọ̀sì mi sí, àwọn ọ̀gá àgbà máa ń..."

"Àwọn ẹja ti ń di ẹrù o," Fawziyyah sọ lẹ́yìn aṣọ, bí ẹni ń bára ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò yé Àlàájì. Kò yé Abdulmutalib. Lìádì nìkan ló yé. Ó wo Abdulmutalib, ó wo ara ẹ̀, ó rí ọkùnrin sísanra méjì tí wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ láìní àtẹ̀gùn. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tí pálọ̀ dákẹ́, imú Àlàájì ló wá ń ṣiṣẹ́.

"Lìádì, sún mọ́ mi." Ó sún mọ́ wọn. "Lọ́fíńdà ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì."

"Nínú hárámì."

Lìádì fa aṣọ èjìká ẹ̀ mọ́ra.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ léèrè," Àlàájì sọ. "Ẹni tó bá ti dá àníyàn ùmúrà, tó wọ hárámì, kì í fi lọ́fíńdà para. Kì í wá ìyàwó, kì í so yìgì, títí á fi ṣe tán. Tó o bá ti dá àníyàn, dìde, máa lọ sí Háràmù, mọ́sálásí ńlá, a ò lè sọ̀rọ̀ ìyàwó lónìí. Tí o ò bá dá àníyàn, sọ ohun tó gbé aṣọ yẹn wọ̀ ẹ́. Èwo ni?"

Irọ́ bí ẹgbẹ̀rún tò sí ọ̀nà ọ̀fun Lìádì, wọ́n ń ti ara wọn. Èyí tó kúrú jù nínú wọn dára ju gbogbo òótọ́ tó mọ̀ lọ. Ó ṣáà lè ní òun ti dá àníyàn, òun gbàgbé lọ́fíńdà, kó dìde, kó máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú ojú mímọ́. Ó wo aṣọ títa. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀.

"Mi ò dá a, Àlàájì. Mo fi kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni. Mi ò ní ìkámà."

Abdulmutalib fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ilé Ẹdẹ ńkọ́?" Àlàájì béèrè.

"Yàrá kan ni. Ìyá mi ló wà níbẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù?"

"Ti Bandar ni. Kò tíì sọ pé òun máa kọ ọ́ sórúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ìwé ńkọ́, ṣé o kà á?"

"Mi ò kà á."

"Kí lo wá mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Gíláàsì, Àlàájì. Férémù. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín."

Àlàájì ní kí Abdulmutalib máa lọ sílé, àwọn á máa rí i. Ó lọ. Ọmọ dáadáa ni, ó tiẹ̀ fi dàbínù sílẹ̀. Àlàájì wọ yàrá, ó mú jálàbíà àtijọ́ kan wá, ó jù ú sí Lìádì.

"Bọ́ èyí tó o wọ̀ yẹn. Aṣọ ìjọsìn ni, kì í ṣe ìwé ìrìnnà."

Nígbà tí Lìádì pààrọ̀ aṣọ tán, Àlàájà Àbẹ̀bí ti gbé tíì jáde. Ó gbé e kalẹ̀, kò padà sẹ́yìn aṣọ.

"Bàbá Fawziyyah," ó sọ, "ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló wá ṣe ùmúrà tí ò padà sílé? Ọdún mẹ́jọ lẹ fi ń sá kiri àdúgbò Hujun ní Mẹ́kà níbí kẹ́ ẹ tó ríwèé gbà."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n," Àlàájì dáhùn. Ó yíjú sí Lìádì. "Ọdún mẹ́jọ ni obìnrin yìí fi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn tí ò mọ̀ bóyá èmi ni àbí ọlọ́pàá. Mi ò ní fún ọmọ mi ní irú ayé yẹn. Tó o bá fẹ́ ẹ, padà sílé. Lọ fi ara ẹ hàn, kí wọ́n tẹ ìka ẹ, kí wọ́n dá ẹ padà. Lórí ilẹ̀ ìyá ẹ, ọlọ́pàá kankan ò ní lé ẹ."

Fawziyyah ti jáde. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, tó bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kó padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Èmi máa lọ bá a."

Kò sẹ́ni tó mu tíì. Àlàájì sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Lárúbáwá kó lè rí i pé ó yé e: kò fojú kan Nàìjíríà rí, tó bá sì pẹ́ jù níbẹ̀, ìkámà tiẹ̀ náà máa bàjẹ́, á wá di àlejò ní Mẹ́kà tí wọ́n bí i sí.

"Mo gbọ́," Fawziyyah sọ. "Ṣebí Yorùbá tẹ́ ẹ kọ́ mi, ẹ fẹ́ kí n rí ibi tí mo ti máa sọ ọ́."

Àlàájì wo ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń wo tíì.

"Má gba ọ̀nà yẹn wá mọ́ níbi tí o ò ti níwèé," Àlàájì sọ fún Lìádì nígbẹ̀yìn. "Àwa la máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí Jídà wá so yìgì kó o tó lọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fawziyyah wọ ṣọ́ọ̀bù, kò gbé nǹkan kan wá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí.

"Kí lẹ máa sọ fún ìyá yín?" ó béèrè. Ó ti padà sí "ẹ" ẹ̀.

"Òótọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ìyá mi máa rò pé ara mi ò yá." Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́. "Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti di ọ̀gá. Mo máa wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ gíláàsì kan àti báàgì kan. Ìwọ náà máa bá mi nínú yàrá kan, ìfẹ́ mi. Kò lẹ́rọ atẹ́gùn."

"Kò lẹ́rọ atẹ́gùn rárá?"

"Fèrèsé wà."

"Fèrèsé mélòó?"

Lìádì ṣí ẹnu. Ó pa á dé. "Ìkan."

Fawziyyah rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀ nígbà kan náà. Ó ní kó máa bá òun sọ̀rọ̀ báyẹn lọ, kó sọ fún òun bí òòlẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ọ̀nà ibẹ̀, bí ìyá ẹ̀ ṣe rí. Ó sọ ọ́. Ó ṣòro fún un bí ẹni ń fi ọwọ́ òsì gé gíláàsì, àmọ́ ó sọ ọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí Bandar fi jí lójú oorun ọ̀sán tó wá bá wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní àárọ̀, Àlàájì Àbùbákàr, Àlàájà Àbẹ̀bí àti ìmáàmù àwọn ará Utaybiyah wọ Jídà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti so yìgì náà, láàárín férémù. Bandar àti Adam ni ẹlẹ́rìí. Lìádì fi òrùka fàdákà kan ṣe sàdáàkí. Ọ̀pọ̀ dígí ló wà níbẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn méje yẹn di bí ọgọ́rin, òótọ́ sì ni ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kà wọ́n á rí i.

Ìmáàmù béèrè bóyá bàbá ìyàwó ní ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé.

"Ó wà," Àlàájì sọ. "Kó máa jẹ́ kí Fawziyyah wá kí ìyá ẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìkámà ẹ̀ má bàa kú. Ọdún kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkan." Ó wo Lìádì. "Ṣé wàá lè ṣe é?"

Adam ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, torí ó mọ ohun tó máa gbọ́. Bandar náà mọ̀ ọ́n. Á ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́dún, á ní ọkọ̀ òfurufú tòun gan-an. Lìádì wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Àlàájì," ó sọ. "Mi ò tíì mọ bí iṣẹ́ ṣe máa rí nílé. Mo máa gbìyànjú gidi. Ọdún tí agbára mi ò bá ká a, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo máa pè yín, mo máa sọ pé kò ká a."

Ìmáàmù gbé bírò sókè. Ó ní ìwé yìgì ni wọ́n ń kọ, ohun tó dájú ni wọ́n ń kọ sí i, báwo lòun ṣe máa kọ "mi ò mọ̀" síbẹ̀? Ó wo Àlàájì. Àlàájì yíjú síbi tí ọmọ ẹ̀ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀.

"Ìwọ ló ń lọ," ó sọ fún un. "Ìwọ náà ńkọ́?"

Fawziyyah ti gbé ìbòjú kúrò lójú kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́," ó ní.

Ìmáàmù kọ ọ́. Lìádì tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, Fawziyyah fọwọ́ sí i, wọ́n sì di tọkọtaya.